Ẹ̀jẹ̀ Ajá Wa Dé Ìlú Ńlá Ṣáájú Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ bó ṣe yẹ, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bíírò. Ṣé dáadáa lo wà? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ẹ̀rọ tí o máa ń jókòó tì, báwo ni àwọn ajá tí ẹ ń tọ́jú, gbogbo wọn ńkọ́? Àdúrà mi ni pé ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ ò ní ṣú, ajá kankan ò ní bù ọ́ jẹ, àwọn tó ni ajá náà ò sì ní bù ọ́ jẹ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí o bá dì mú sọ òótọ́ fún ọ. Èmi náà ń bẹ láyé, bí ara àgbà ṣe ń ṣe náà ni tèmi ń ṣe, bí orúnkún bá dákẹ́, ẹ̀yìn á gbà á sọ.

Ilé wà níbi tí o fi í sí. Páànù tó ń jò lókè pálọ̀, mo gun orí rẹ̀, mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, mo fi lẹ ojú ihò náà. Kò jò níbẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jò báyìí. Mòńwòyín ajá wa ti sanra. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ló ti ń rìn bí ẹni tó ti ìlú òkèèrè dé, kì í gbó ẹni tó bá wọ bàtà mọ́, ẹni tó bá wọ sálúbàtà nìkan ló ń gbó. Ìyá rẹ ní ìwà ìlú ńlá ló kó bọ̀.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọjọ́ tó dé gan-an ni mo kà á, lẹ́yìn náà mo da fóònù dojú bolẹ̀ kó má baà lọ sọ fún ọ pé mo ti kà á. O ní ẹ̀jẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ lórúkọ Mòńwòyín kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ajá. O ní ẹ̀rọ yín wò ó, ó kọ̀ ọ́, pé ọ̀gá yín ń bínú, ó ní ẹnìkan ń fi ilé ìwòsàn àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, o sì ní kí n sọ fún ọ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ta ni. Ó dáa. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ ni. Kókó kan wà ní ọyàn rẹ̀ ọ̀tún, lápá ibi abíyá, ó ti pẹ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ bá wa wò ó bóyá ohun tó ṣe ajá ló fẹ́ ṣe òun náà. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí pé fóònù mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí mo bá ti ń pè ọ́ báyìí ni ìyá rẹ máa ń wá jókòó tì mí kó lè bá mi gbọ́ ọ. Òun ló ní kí o má gbọ́. Jókòó kà á tán kí o tó bínú.

Ìwọ gan-an lo kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo ṣe yìí. Ṣé o rántí ìgbà tí o wálé tí ajá yẹn ń rù? Èmi ní ebi ni, ìyá rẹ ní ọjọ́ ogbó ni. Kò sí kókó lára rẹ̀, kò sí egbò, a tẹ̀ ẹ́ níkùn, kò ké. Ìwọ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, o gbé e lọ, ó sì ṣe díẹ̀ o pè wá pé àrùn jẹjẹrẹ ti wọ inú rẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Mo bi ọ́ pé ta ló sọ fún yín. O ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. O ní bí àrùn yẹn bá ti ń múra nínú ara, ó máa ń já àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan tó kéré ju eruku lọ, pé àmì rẹ̀ ni wọ́n jẹ́, àti pé ẹ̀rọ yín mọ̀ wọ́n lójú kí kókó tó yọ síta rárá. Mo ní kí o dákẹ́, ó ti yé mi. Iṣẹ́ mi ni. Bí taya bá ń jò tí mi ò rí ojú ihò, mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú tíúbù, màá rì í sínú ọpọ́n omi, omi á sì máa hó pó-pó-pó níbi tó ti ń jò, kódà kí ihò náà kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ohun tí ẹ ń ṣe fún ajá nìyẹn, ẹ̀yin kàn ń wọ aṣọ funfun ṣe é ni.

Nígbà tí mo wá mú ajá wá fún iṣẹ́ abẹ, mo rí bí ẹ ṣe ń ṣe. Wọ́n kí ajá kí wọ́n tó kí mi. Wọ́n tẹ́ aṣọ tó nípọn fún un, wọ́n gbé omi wá, èmi tí mo bá a rìn láti òwúrọ̀ ni mo ń wo omi náà. Obìnrin kan tó di fáìlì mọ́ àyà bi mí pé báwo ni ọkàn rẹ̀ ti rí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo wo ojú ajá, mo ní ó jọ pé ó ń ronú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí ní orúkọ bàbá rẹ̀, mo ní mi ò mọ ọkùnrin náà, pé òru ló máa ń wá. Ó ní orúkọ ìdílé tó ń gbé lòun ń bèèrè, mo bá fún un ní tiwa. Nítorí náà, nínú ìwé yín, àbúrò rẹ ni, kí o mọ̀. Mi ò rí ẹni tó pariwo mọ́ ajá kankan níbẹ̀. Gbogbo ajá tó jókòó ló mọ ìgbà tí ó máa kan òun, wọ́n sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Nígbà tí a délé, àwọn ènìyàn yín tún kọ̀wé sórí fóònù mi pé kí n fún àwọn ní ìràwọ̀, pé tó bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n fún wọn ní márùn-ún. Mo dá wọn lóhùn pé ohun tó wà níkàáwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n màá fi sádùúrà.

Ìròyìn náà ti ká àdúgbò pé ẹ̀jẹ̀ ajá wa tú àṣírí. Alága àwọn onílé ti so ajá tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ kàn án, nítorí pé ajá náà ti bá òun gbé pẹ́, ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ló ń yọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé kò ṣẹ́ ku ìgò kan tí wọ́n lè fi gba ẹ̀jẹ̀ ajá náà.

Jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Mo kíyè sí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbé aṣọ dórí okùn mọ́, ó ń fi tòsì sá a, ó wá ń kọrin kí n má baà wò ó. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo tún bi í, ló bá fà mí wọ yàrá, ó fi hàn mí. Ó le lábẹ́ ìka mi bíi kóró èso. Mo ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní ìgboro lọ́jọ́ kejì.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọn ò lé wa. Wọ́n fún ìyá rẹ ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà dára, orí pépà tó ń dán ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, mo rò pé òun gan-an ni ìtọ́jú náà, mo ní kó dì í mú dáadáa. Ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọyàn ti bàjẹ́. Nígbà tí a padà lọ, ara ẹ̀rọ ti yá, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i nípa rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, nítorí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tó tún ń lọ kọ́ ọ, ẹni tó máa mọ̀ ọ́n gan-an ni. Nígbà tó dé, iná ò sí. Nígbà tí iná dé, wọ́n ní nọ́ńbà wa ti gbó, ká lọ gba tuntun lójú fèrèsé kejì, obìnrin tó ń fúnni ní tuntun sì ti jáde lọ jẹun. Ó fi súwẹ́tà rẹ̀ kọ́ àga káwọn ènìyàn lè mọ̀ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. A bọ̀wọ̀ fún súwẹ́tà náà títí oòrùn fi ń wọ̀, ìyá rẹ tiẹ̀ kí i kó tó di pé a lọ sílé.

Wọ́n wá fún wa ní nọ́ńbà tí a ó máa pè kí a tó wá, kí a má baà máa dààmú. Mo pè é. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sáwọn púpọ̀, kí n jọ̀ọ́ dúró. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi kẹ́yìn. Mo dúró. Wọ́n ń kọrin fún mi. Ó tún padà wá láti sọ pé òun ò gbàgbé mi, mo ní kó má ṣèyọnu, kó dá àwọn tó wà níwájú lóhùn ná. Owó orí fóònù tán níbi tí a ti ń bá ara wa ṣe sùúrù, ó já, títí di òní ni mò ń káàánú obìnrin náà, á máa rò pé èmi ni mo gé fóònù mọ́ òun lẹ́nu.

Ìyá rẹ ní òun ò lọ mọ́. Ó ní bẹ́ǹṣì yẹn ti mọ ìdí òun ju àga ilé lọ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìyàwó mi, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ọmọ mi. Mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, màá kàn jókòó máa gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìgò kékeré yín fi dé, èyí tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ pé ká gba ẹ̀jẹ̀ ajá sí láti mọ̀ bóyá àrùn náà ti padà wá, pẹ̀lú àpótí oníyìnyín. Fúnra rẹ̀ ló wá, a ò pè é, a ò gba nọ́ńbà, a ò kí súwẹ́tà ẹnikẹ́ni. Mo wo ìgò, mo wo ajá tó ń sùn lójú oòrùn, mo wo ìyá rẹ tó ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀. Mo wá rò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, omi tí mo fi ń yẹ tíúbù kẹ̀kẹ́ wò náà ni mo fi ń yẹ ti alùpùpù wò, òun náà ni mo fi yẹ ti ọkọ̀ akẹ́rù wò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Omi kì í bi tíúbù pé ọmọ ta ni ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ajá pupa, ti ìyá rẹ náà pupa. Mo ní bí ẹ̀rọ bá lè rí ohun tó pamọ́ sínú ajá tí kò lè sọ̀rọ̀, mélòó mélòó ni ènìyàn tó lè ṣàlàyé ara rẹ̀.

Dókítà ẹran tó máa ń wá gún Mòńwòyín lábẹ́rẹ́ kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun ò kọ́ iṣẹ́ ènìyàn. Mo bá a pààrọ̀ bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní apá kì í kúkú fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ó ní kí n di ìyá rẹ mú. Mo ní kì í bu ènìyàn jẹ. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun ń wí, òun ò tíì gún ẹni tó ń kí òun kú iṣẹ́ rí ni ọwọ́ òun fi ń gbọ̀n. Ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ ni pé ẹ̀jẹ̀ ajá kò dé ojú ìlà inú ìgò, pé ẹ ní kí ará ilé kan bù kún un, ó sì ní kò burú, ṣebí láti kékeré ló ti ń jẹ oúnjẹ òun. Nígbà tó gún un tán, dókítà fọwọ́ pa á lórí, ó yìn ín pé ó ṣe jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì mú bisikíìtì kan jáde lápò fún un. Ìyá rẹ dúpẹ́, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún ajá ní ìdajì.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ní ti ọ̀gá yín, bá mi kí i, sọ fún un pé mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. O kọ ọ́ pé àmì ti ajá nìkan ni ẹ̀rọ yín mọ̀, pé ti ènìyàn yàtọ̀, àwọn mìíràn ló ń wo ìyẹn. Mo gbà. Omi tèmi ò gbọ́n tó ẹ̀rọ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ yín ti mọ̀ pé ènìyàn ni, ṣé kò yẹ kó bi í pé kí ló ń ṣe é? O ní ẹ ti da ẹ̀jẹ̀ náà nù, pé bí òfin yín ṣe wí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ ni, ọmọ mi. Ẹ dà á nù nítorí pé kì í ṣe ti ajá. Mi ò bá ọ jà, ìwọ ò mọ̀. Mo kàn ń sọ bó ṣe dùn mí ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Ilé ìwòsàn yín ti kọ̀wé pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni kí Mòńwòyín wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n rán mi létí, wọ́n sì tún kọ̀wé rán mi létí pé àwọn ti rán mi létí. Wọ́n ní ẹni tí ọkàn ajá balẹ̀ sí ni kó bá a wá. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, pé mi ò lè dá ajá náà dì mú nínú ọkọ̀, àti pé òun lajá ń wò bí mo bá ti dárúkọ ìrìn àjò. Ẹni tó ní òun ò lọ síbì kankan nítorí ara òun, nítorí ajá ó ti fọ aṣọ, ó ti yá báàgì lọ́wọ́ aládùúgbò, ó tiẹ̀ ń bi mí pé ṣé ara ajá á gba òtútù ìlú ńlá. Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Bí a bá ti dé ẹnu géètì, jẹ́ kí n mú ajá wọlé. Ìwọ gba ìyá rẹ lọ́wọ́ mú, kí o mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo àmì ti ènìyàn, níbikíbi tí wọ́n bá wà nínú ìlú yẹn. Má fi nọ́ńbà fóònù wọn lé e lọ́wọ́. Má sọ fún un pé kó ní sùúrù, sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bá a wọlé, jókòó tì í, kí ẹ sì jọ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Èyí tí o fi ránṣẹ́ sí báńkì wà níbẹ̀ ní àlàáfíà. Báńkì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹni náà bá pe ara rẹ̀ ní báńkì. Mo dé ìdí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni nọ́ńbà àṣírí. Mo wò ó, mo ní kó wá ẹlòmíràn tàn. Ó tún bi mí. Mo fa káàdì mi yọ, mo sì bọ̀ wálé. Nítorí náà jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì àti ajá kan lé dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́, kí o fi díẹ̀ kún un fún ohun tí wọ́n bá ní ká rà fún ìyá rẹ. Tí kò bá tó, èmi á dúró sílé, kí ìyá rẹ máa bá ajá bọ̀.

Ọlọ́run á dá ọ lóhùn kí o tó pè é. Ilẹ̀kùn tí a kàn tí kò ṣí, lójú rẹ ni yóò ṣí. Ọmọ tìrẹ náà á wá ọ wá nígbà tí ọwọ́ rẹ ò bá gbé aṣọ dórí okùn mọ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, èmi àti ajá á padà sílé. Ìyá rẹ ni kí o má jẹ́ kó bá wa padà, títí ẹnìkan á fi sọ ohun tó ń ṣe é fún un, tí wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ajá yìí, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi àti òun nìkan la máa kù nínú ilé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ